Bí 1 àti 2 Bá Di Ọ̀kan

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 12 láìṣẹ́kù: 1, 2, 3, 4, 6, 12. Ẹ fi 1 sísàlẹ̀, ẹ fi 12 sókè pátápátá.

Ẹ mú 4 àti 6. Ẹ gòkè lọ síbi nọ́ńbà tó kéré jù tí àwọn méjèèjì lè pín: 12 nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá síbi èyí tó tóbi jù tó lè pín àwọn méjèèjì: 2 ni. Irú ètò báyìí là ń pè ní látíìsì. Richard Dedekind, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1897. Tiwa yìí tún jẹ́ distributive: ìsọ̀kalẹ̀ ń wọ inú ìgòkè bí ìsọdipúpọ̀ ṣe ń wọ inú àròpọ̀.

Ideal ni agbo ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti bá a wọlé. Bí méjì bá sì wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé lókè náà wà níbẹ̀. 1 àti 2 pa pọ̀ jẹ́ ideal kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka 1 àti 2 sí ọ̀kan náà. Bí 3 bá bá 1 gòkè, 3 ló máa já sí. Bó bá bá 2 gòkè, 6 ni. Dandan ni kí 3 àti 6 di ọ̀kan. 4 ńkọ́? 4 náà ló ń já sí lọ́nà méjèèjì, kò mì rárá. 12 náà dá dúró. Ẹgbẹ́ mẹ́rin la ní, ètò wa kò sì bàjẹ́. Congruence nìyẹn. Ẹ wò ó: kò sí àlejò kankan tó já wọ inú ideal wa. Bó ṣe máa ń rí nìyí nínú látíìsì tó bá jẹ́ distributive. Níbòmíràn, gbogbo ilé lè wó lulẹ̀ pọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ kọ 1, 2, 4 nìkan. Ẹ lè jẹ́ kí kálukú dá wà. Ẹ sì lè so 2 mọ́ 4, kí ẹ fi 1 sílẹ̀. Congruence méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ideal kan ṣoṣo, ìyẹn agbo àwọn tó bá 1 di ọ̀kan: 1 nìkan.

Láàárín àwọn tó pín 30, congruence kì í fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ so 2 mọ́ 6, kí ẹ fi 15 bá wọn sọ̀ kalẹ̀: 2 di 1, 6 di 3. Kíá, 3 ti bá 1 di ọ̀kan, ó ti wọ inú ideal, àṣírí ti tú. Ohun tó fà á ni pé 2 àti 15 pàdé ní 1 nísàlẹ̀, wọ́n tún pàdé ní 30 lókè. Nínú 1, 2, 4, kò sí ẹni tó lè bá 2 ṣe bẹ́ẹ̀.