Ta Ló Lè Bú Olóúnjẹ Yìí? Wíwá ojúlówó oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òbí àtàwọn ọmọ tó ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba, ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Mo ti yọ ìkíni kúrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kí n má yọ àwàdà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù, torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ á dé Lọ́ńdọ̀nù, á fẹ́ tọ́ oúnjẹ Íńdíà wò, ti Tọ́kì, ti Ṣáínà. Á yọ fóònù, á máa ka ìràwọ̀: mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀. Ibi tí ìràwọ̀ bá ti pọ̀ jù ló ń lọ. Mo wáá bi yín, ta ló ń pín ìràwọ̀? Ẹni tí kò fẹnu kan gbẹ̀gìrì rí láyé rẹ̀, tó wá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní ó dùn, ṣé ẹ̀yin á gba ẹ̀rí rẹ̀ ní kóòtù?

Ìbéèrè kan péré ni mo ní kí ẹ máa bi ara yín lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ yòówù: ta ló lè bú olóúnjẹ yìí?

Ẹ wo obìnrin tó ń ro àmàlà ní Bódìjà. Kí ló dé tí àmàlà rẹ̀ kì í ní kókó? Ẹ má sọ fún mi pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ni. Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, tó ti ń jẹ àmàlà látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bí òkèlè àkọ́kọ́ bá ti kan án lẹ́nu, á gbórí sókè: "Ìyá, ti òní yìí ò jinná o!" Gbogbo búkà á gbọ́. Ẹ gbé obìnrin yìí kan náà lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ àmàlà. Kò ní pẹ́ tí á fi máa bu ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn sáwo, wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà bá pọ̀ sí, tí ìyá àgbà kan lè fi èdè abínibí wọn bá alásè wí, ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Mo ti ń sọ èyí tipẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó níwájú níbí sì ti ń bá mi jiyàn tipẹ́. Ó ní àárín ìlú ni oúnjẹ gidi wà. Mo gbà fún un pé owó gidi ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Brick Lane, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé oúnjẹ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àkọlé wọn ń pariwo Íńdíà. Ọmọkùnrin kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pè yín: ẹ wọlé, a máa dín owó kù fún yín, a máa fi nǹkan mímu ṣe ẹ̀ẹ̀nì. Olóúnjẹ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dùn kì í dúró sí títì kó máa fa èèyàn láṣọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilé oúnjẹ wọ̀nyí kì í tilẹ̀ í ṣe ará Íńdíà. Ará Sylhet ni wọ́n, ní Bangladesh. Àwọn baba wọn àtijọ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń da èédú sí iná. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò padà mọ́. Ogun òmìnira Bangladesh ní 1971 tún lé àwọn mìíràn wá. Wọ́n rí i pé orúkọ Íńdíà ni òyìnbó mọ̀, ọbẹ̀ pupa tó ní ọ̀rá wàrà, tí ata rẹ̀ ò ta jù, ni òyìnbó fẹ́. Wọ́n sè é fún un. Ní 2001, Robin Cook, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, sọ ní gbangba pé chicken tikka masala, ìyẹn adìyẹ nínú irú ọbẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀, ni ojúlówó oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Tiwọn ni, kí wọ́n máa mú un lọ.

Kí wáá ni alásè yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ? Ẹran màlúù tí wọ́n fi shatkora sè. Èso kan ni, ó jọ ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì korò díẹ̀. Èèpo yẹn gan-an ni wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé. Shutki tún wà, ẹja gbígbẹ tí àwọn ará ojúlé kejì á mọ̀ pé ẹ ń sè é. Ṣọ̀wọ́n ni ẹ máa rí wọn nínú ìwé oúnjẹ tí wọ́n ń gbé fún àlejò ní Brick Lane. Ẹ rìn díẹ̀ síwájú, sí Whitechapel, níbi tí wọ́n ti fi èdè Bengali kọ orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní 2022. Ẹ kọ́kọ́ wá ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹja dídì tí wọ́n kó wá láti Bangladesh. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ bá wà, olóúnjẹ tó ń bẹ̀rù oníbàárà ò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. (Alága wo aago níbi yìí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.) Ọmọ Íńdíà tó kọ́kọ́ ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà ní Lọ́ńdọ̀nù ni Sake Dean Mahomed, ní 1810, ní George Street, nítòsí Portman Square. Hindoostane Coffee House ló pè é. Nígbà tó fi di 1812, ó ti wọ gbèsè. Àwọn òyìnbó tó ti gbé Íńdíà rí, tó lérò pé wọ́n á wá, ti ní alásè tiwọn nílé. Ẹ rí i pé àbá mi náà ní ìkù díẹ̀ káàtó: ẹni tó máa bú ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá jẹun lọ́dọ̀ ẹ. Ọkùnrin náà kọjá lọ sí Brighton, ó ń wọ́ ara fún àwọn ọlọ́lá nínú ilé ìwẹ̀, títí kan Ọba George Kẹrin. Kò kú sínú iṣẹ́ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni pé ìtàn ló ń darí oúnjẹ. Ẹ̀yin náà mọ Sábó, níbi tí àwọn Haúsá ń gbé, n ò ní ṣàlàyé ìyẹn. Ní 1972 Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní Uganda ní 90 ọjọ́ kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gujarat, ní Íńdíà, àwọn kan sì fìdí kalẹ̀ ní Wembley. Bí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ Gujarat tí kò lẹ́ran, Ealing Road ní Wembley ni kí ẹ lọ. Àwọn ará Punjab wà ní Southall, wọ́n kọ èdè wọn sára pátákó ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ní Tooting, etí ni ẹ máa fi mọ ilé oúnjẹ àwọn Tamil ti Sri Lanka. Irin pẹlẹbẹ méjì ni alásè mú lọ́wọ́, tó fi ń gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti ẹyin àti ẹran papọ̀ lórí irin gbígbóná: kó-kò-kó, kó-kò-kó, ẹ máa gbọ́ ọ láti òdìkejì títì. Kothu roti nìyẹn. Ní Green Lanes, ní Harringay, àwọn ará Tọ́kì, àwọn Kurd àtàwọn ará Cyprus ló wà níbẹ̀. Ẹ jókòó sí tòsí ibi iná èédú. Kí ẹran tó jinná, wọ́n á ti gbé búrẹ́dì gbígbóná àti sàláàdì síwájú yín, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí wọ́n yan títí tó fi dúdú létí. Lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fowó ra sàláàdì o.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú ò lè mú un mọ́ra: "Ìràwọ̀ Michelin ńkọ́?" Ìyẹn ìràwọ̀ tí ìwé atọ́nà Michelin ń fún ilé oúnjẹ tó bá ta yọ. Ó dáa. Ilé oúnjẹ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Ikoyi, ìràwọ̀ méjì ló ní, àwọn tó ni ín fúnra wọn ò sì pè é ní ilé oúnjẹ Nàìjíríà. Adejoké Bakare, tó dàgbà ní Kaduna, ṣí Chishuru ní Brixton ní 2020. Ní 2024 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ Michelin ní Ìlú Ọba. Mo bá a yọ̀, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ kì í ṣe àwọn ìyá àgbà Kaduna.

Mo fẹ́ bọ́ sórí Ṣáínà nígbà tí màmá kan dìde láàárín èrò. Wọn ò dúró de ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Olùkọ́, o káre. Àmọ́ jẹ́ n bi ọ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣu wọ́n bí ojú. Ìrẹsì lílọ̀ la fi ń ṣe iyán. Kò sẹ́ni tí kò lè bú ẹni tó sè é nínú wa. A ò bú u, ńṣe la tún ní kó bu kún un. Ṣé ayédèrú la jẹ nígbà yẹn?"

Àtẹ́wọ́ gba gbọ̀ngàn. Mo ká ìwé mi, torí ohun tó kù nínú rẹ̀ ò tó ìbéèrè yẹn.

Rárá, Mà, kì í ṣe ayédèrú. Ẹ mọ ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ oúnjẹ ló lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí alásè ò rí rà àti ohun tó kàn fi ọ̀lẹ ṣe. Ohun tí Màmá sọ yìí ló jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ Berlin dáadáa. Ní 1961, Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì bá Tọ́kì ṣe àdéhùn láti gba òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn àtàwọn ọmọ wọn ló fi ẹran döner, ẹran tí wọ́n ń yí níwájú iná tí wọ́n sì ń gé lára rẹ̀, sínú búrẹ́dì, tí wọ́n kó ewébẹ̀ àti ọbẹ̀ aláyùú lé e lórí fún ẹni tó ń rìn lọ. Kò jọ ti Istanbul tán. Àmọ́ ẹ dé Kreuzberg, àdúgbò kan ní Berlin, àwọn ọmọ Tọ́kì gan-an wà lórí ìlà, wọ́n ń rà á, wọ́n sì ń ṣàròyé bí kò bá dáa. Ojúlówó nìyẹn, ti Berlin. Ẹ wáá mú chicken tikka masala padà wá. Ṣé òun ni ìyá ọmọ Sylhet ń sè nílé? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sè é ò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mà, àwáwí ìrẹsì lílọ̀ ti tán. Ní Rye Lane, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, lónìí, iṣu wà, èlùbọ́ wà, ata rodo wà, pànlá wà. Ẹni tó bá fi ìrẹsì lílọ̀ ṣe iyán fún àwọn ọmọ yìí níbẹ̀, kí wọ́n bú u.

Alága kàn tábìlì. Ìyókù ní wàràwàrà: ní Gerrard Street, níbi tí àwọn ará Ṣáínà wà, ẹ wo bébà tí wọ́n fi èdè wọn kọ mọ́ ògiri, kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Oúnjẹ Kòríà, New Malden. Vietnam, Kingsland Road. Bí ẹ bá kọjá sí Paris, Château Rouge, fún oúnjẹ Áfíríkà. Bí Brussels ni, Matonge, àwọn ará Kóńgò.

Ọmọkùnrin kan tó ń lọ ní oṣù September béèrè pé bí owó ò bá sí ńkọ́. Ẹ lọ sí gurdwara, ilé ìjọsìn àwọn Sikh, ní Southall. Wọ́n ń bọ́ gbogbo ẹni tó bá wá, wọn ò ní bi yín ní ẹ̀sìn yín, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bo orí, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má bu ohun tí ẹ ò ní jẹ tán. Ẹ má mú ọtí tàbí sìgá dání.

Ó tún béèrè pé báwo ni òun á ṣe mọ ohun tó yẹ kí òun ní kí wọ́n gbé wá, níbi tí òun ò gbédè. Mo ní kó wo tábìlì tí àgbàlagbà bá jókòó sí, kó fi ọwọ́ tọ́ka sí abọ́ wọn. Bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ bá ní ìyẹn ò ní bá a lẹ́nu mu, kó jókòó dáadáa, kó ní ìyẹn gan-an ni òun fẹ́. Wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ẹni tó kàn, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti dúró tipẹ́.