Sírínjì kan, ẹnì kan: ẹ wò ó bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sírínjì ọwọ́ mi yìí ni wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Ọwọ́ tiwa ló ń bà á jẹ́.

Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ rántí àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Ó yá, ẹ yẹ ọ̀rá sírínjì wò níwá lẹ́yìn. Bọ́jọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bó bá ya tàbí tó tutù, ẹ sọ ọ́ nù, kódà kó jẹ́ òun nìkan ló kù. Etí ọ̀rá ni kẹ́ ẹ ti ṣí i. Ẹ má ti sírínjì lu bébà, nítorí ìta bébà yẹn ti dọ̀tí.

Òwú tuntun ni mo ń da sípírítì sí láti fi nu rọ́bà orí ìgò oògùn. Èyí tó ti ń rẹ nínú agolo láti àárọ̀, kòkòrò lè ti kó sí i. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà náà gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí. Wọ́n á ní, "Mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò séwu." Ewu ńbẹ. Mo fa zóbò sínú sírínjì, mo tì í jáde títí kò fi lọ mọ́, mo yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn: ṣé ẹ rí pupa tó kù nímú rẹ̀ yẹn? Mo wá fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, mo fa omi lásán, mo tú u sórí òwú funfun. Ẹ wo bí òwú ṣe pọ́n! Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń wọ ara ẹnì kejì nìyẹn. Kòkòrò Hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sì lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ. Ẹ má ní ẹ máa sè é nínú omi gbígbóná o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sírínjì oníke wà fún.

Bí mo bá gún aláìsàn tán, mi ò dé abẹ́rẹ́ náà padà. Lọ́dún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí mo ti ń dé e ló ti gún mi ní àtàǹpàkò. Oṣù 6 ni mo fi ń lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oorun ò sì kùn mí. Páálí tí a ń ju abẹ́rẹ́ sí gbọ́dọ̀ wà nítòsí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè ju sírínjì tòun tabẹ́rẹ́ rẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Bó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa. Ẹ má kì í mọ́lẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín pẹ́nrẹ́n, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ jáde. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn tó ń dènà HIV, kí wákàtí 72 tó pé lẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.