Ta Ló Ṣí Fáìlì Aláìsàn? Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Àwọn tó ń ta sọ́fítíwià fún ilé ìwòsàn máa ń gbé ìwé ẹ̀rí jáde pé ọjà àwọn bá òfin HIPAA mu. Òfin Amẹ́ríkà lórí àṣírí ìlera aláìsàn ni HIPAA, ọdún 1996 ni wọ́n ṣe é. Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀ gan-an kò fọwọ́ sí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí aládàáni bá ń fúnni. Ẹni tó bá torí rẹ̀ gbówó lé ọjà, bébà ló ń tà fún yín. Òfin tó de àwa níbí ni Code du numérique, ìyẹn ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára àti dátà, òfin 2017-20, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ APDP ló sì ń mójú tó dátà ará ìlú. Ẹ bi olùtajà yín bóyá ó ti kà á rí.

Ìbẹ̀rù ìtanràn ló ń ta ọjà yìí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, òfin GDPR tó ń dáàbò bo dátà èèyàn nílẹ̀ Yúróòpù lè gba mílíọ̀nù 20 owó yúrò tàbí ìdá 4 nínú 100 owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Lọ́dún yẹn kan náà, Anthem, iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, san mílíọ̀nù 16 dọ́là ní Amẹ́ríkà, torí àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 79 èèyàn tí wọ́n jí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià fi mọ bí a ṣe ń tẹ ìwé fún alábẹ̀wò ju bí a ṣe ń ṣọ́ aláìsàn lọ.

Ohun tí mo ń sọ níbi gbogbo ni mo tún wá sọ: ta ló ṣí fáìlì náà? Kí olúkúlùkù ní orúkọ àti kóòdù tirẹ̀, kí ẹ̀rọ kọ ẹni tó wọlé àti wákàtí tó wọlé sílẹ̀. Nílé ìwòsàn púpọ̀, kóòdù kan ni gbogbo èèyàn ń lò, wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Bí èsì àyẹ̀wò Sídà ọmọbìnrin kan bá dé ọjà, ẹ̀rọ á ní “nọ́ọ̀sì” ló ṣí i. Nọ́ọ̀sì wo? Ọmọ yẹn kò ní lè na ọjà mọ́, kò sì sẹ́ni tí a máa bi.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, kóòdù jíjí làwọn olè fi wọ Change Healthcare, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá ilé ìwòsàn ṣètò owó ìtọ́jú, níbi tí ẹ̀rọ kò ti béèrè ẹ̀rí kejì, bíi nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni. Ọ̀rọ̀ náà kan nǹkan bíi mílíọ̀nù 190 èèyàn. Iléeṣẹ́ náà san mílíọ̀nù 22 dọ́là fún àwọn olè náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbá jáde pé kí ẹ̀rí kejì di dandan.

Àkókò ti lọ. Ní ti ẹ̀rọ onílàákàyè, ìyẹn AI, Yúróòpù ti ṣòfin lórí rẹ̀ ní 2024. Ẹ ṣáà bi olùtajà bóyá fáìlì aláìsàn yín ló fi ń kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá agbẹ̀bí kan ti dìde: “Ọ̀gá, Àjàṣẹ́ ni dókítà wa wà. WhatsApp la fi ń ya èsì ránṣẹ́ sí i. Ṣé ká jẹ́ kí aboyún kú nítorí òfin ni?”

Rárá o, ìyá wa. Ìbéèrè yín yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ, torí kò sí sọ́fítíwià tó ń rí fóònù yín. Ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bo orúkọ, kí nọ́ńbà fáìlì dúró fún un. Dókítà nìkan ni kó rí i, kì í ṣe gúrúùpù tí ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: ta ló fi ránṣẹ́, sí ta, ní aago mélòó. Bí dókítà bá ti dáhùn, ẹ pa àwòrán náà rẹ́.

Ẹlòmíràn béèrè nípa àwọn tó ń ti Ìmẹ̀kọ wá gba ìtọ́jú. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ láti 2023, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá ṣí ní Kétu, òfin Bẹ̀nẹ̀ ló bò ó. Kí ẹ tó fi í sọdá ibodè, ẹ béèrè lọ́wọ́ APDP.

Ẹni tó bá ní àdéhùn sọ́fítíwià lọ́wọ́, kó mú un wá bá mi nísinsìnyí, ká jọ wá ojú ewé tó sọ ibi tí dátà ń gbé.