Kò sí gìtá níbẹ̀ o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ gbọ́ ibi kékeré yìí ná nínú orin kan.

Ẹ gbọ́ ọ àbí? Ta ló ń ta gìtá yẹn? Kò sí gìtá kankan níbẹ̀ jàre! Fáólíìnì àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńláńlá ni, gbogbo wọn ló jọ ń kọlu okùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbàm! gbàm! gbàm!, bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ láìní ẹnu làwọn yìí náà ṣe ń fọhùn gìtá.

Manuel de Falla ló kọ ọ́, ọmọ Cádiz létí òkun gúúsù Spéìn, 1876 ni wọ́n bí i. Ní 1907 ló kó lọ sí Paris, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣeré orin Turina kan tán níbẹ̀, akọ̀wé orin ọmọ Spéìn lòun náà, ni Albéniz, akọ̀wé orin ọmọ Spéìn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún wọn, bá kó Turina àti Falla lọ jẹ kéèkì, kí wọ́n mu champagne, ó ní kí Turina yé fara wé àwọn ará Paris, orin ilé, orin Spéìn, ni kó máa kọ. Turina gbọ́ràn o. Nígbà tó máa fi di 1913, orin ẹ̀ tó ń jẹ́ La procesión del Rocío ti jáde ní Madrid, ẹ máa gbọ́ fèrè àti ìlù àwọn tó ń lọ sájọ̀dún níbẹ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ Falla. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ló lé e padà sílé ní Spéìn. Nígbà tó di July 1919, ẹgbẹ́ oníjó Diaghilev, ará Rọ́ṣíà, gbé eré oníjó ẹ̀ tó ń jẹ́ El sombrero de tres picos (fìlà onígun mẹ́ta) jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, Picasso ayàwòrán ló ya aṣọ ìkélé orí ìtàgé, torí káwọn èèyàn lè ráyè wo àwòrán yẹn dáadáa ni Falla ṣe fi ìlù, castanet (igi kéékèèké tí wọ́n ń fọwọ́ gbá pọ̀) àti igbe ìwúrí "olé! olé!" síwájú ijó. Àánú ẹ̀ ṣe mí ṣá, kò ráyè wo eré ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé ara ìyá ẹ̀ ò yá, ìyá náà sì kú.

Ibi tí mo gbé fún yín lẹ́ẹ̀kan, inú eré yìí náà ló ti wá, ijó ọlọ́lọ ni, farruca ni wọ́n ń pè é, ijó ọkùnrin nínú flamenco, ìyẹn orin àti ijó gúúsù Spéìn. Fèrè horn á kọ́kọ́ dá ké, cor anglais, fèrè onígi kan, á dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ni gbàm gbàm yẹn á wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni o, á wá máa yára sí i, á máa yára sí i títí tí mímí á fi fẹ́ẹ̀ tán lára èèyàn.

Ó yá, mo tún fẹ́ gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwọn onífáólíìnì ni kẹ́ ẹ máa wò.