Bí mo ṣe ń pààrọ̀ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ Sienna láì gé wáyà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti ń dà mí láàmú látọjọ́ yìí, ọ̀gá ṣe fídíò ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, ọ̀gá ṣe fídíò ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, ó dáa, òun rèé. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń yẹ èéfín inú sàléńsà wò kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mọ iye epo tó máa dà. Sienna 2005 ni, ẹ́ńjìnnì V6, 3.3 lítà, màmá kan ló fi ń kó ọmọ iléèwé. Wọ́n ní ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀ ṣe ń mu omi, iná check engine sì ti tàn láti oṣù méjì. Wàsíù, sún kámẹ́rà mọ́bí, ẹsẹ̀ mi kọ́ ni wọ́n fẹ́ wò.

Mo ti skánì ẹ̀, code P0051 ló gbé wá. Ìyẹn ni pé iná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná ní bank 2, sensor 1, ò ṣiṣẹ́. Bank ni apá kọ̀ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, sensor 1 sì ni ti òkè, tó ṣáájú catalyst tó ń fọ èéfín mọ́. Bank 2 lórí Sienna yìí, ti iwájú ni, èyí tó kọjú sí rédíétọ̀. Ti ẹ̀yìn ni bank 1. Ẹnì kan pààrọ̀ ti ẹ̀yìn lọ́jọ́sí, iná ò kú, ló bá ń bú ẹni tó ta ọjà fún un! Tí sẹ́ńsọ̀ yìí ò bá sì tètè gbóná, kọ̀ǹpútà ò ní rí i bá sọ̀rọ̀, á kàn máa da epo síbẹ̀ ṣáá.

Ẹ má tíì sáré lọ rajà o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fíúsì wò. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa. Ó kan mítà wàyí, mítà lọ̀rẹ́ mi. Ẹ yọ kánẹ́kítọ̀, ẹ gbé mítà sí ohm, ẹ wo wáyà dúdú méjì wọ̀nyẹn, àwọn ni ti iná. Tó bá dáa tó sì tutù, á wà láàárín 1.8 sí 3.4. Eléyìí ńkọ́? Wàsíù, fi ojú mítà hàn wọ́n. Kò mira rárá. Ó ti kú fin-ín.

Mítà yìí kan náà ni mo máa ń kì sápò lọ ra tòkunbọ̀. Ẹni tó ń ta á fún mi lọ́jọ́ kan rẹ́rìn-ín, ó ní Álààjì, ṣé ẹ fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un ni. Mo fi mítà kàn án, ó gbé 13 wá. Mo ní gba ọjà ẹ. Ìdí ni pé ti òkè yìí kì í ṣe ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ gidi bí gbogbo wa ṣe ń pè é, air-fuel ratio sensor ni, èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ sí. Ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn catalyst, ni ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ gan-an, tiẹ̀ sì máa ń wà láàárín 11 sí 16. Ojú kan náà, ẹnu kan náà, á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́. Mítà ló máa tú u fó fún yín.

Ó yá, ká tú u. Alẹ́ àná ni Wàsíù ti fín in ní epo tó ń tú ìpẹtà. Ẹ tan ọkọ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa á, kí irin gbóná díẹ̀, kó má gbóná débi tó máa jó yín. Sípánà 22. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi yìí, èmi ni mo fi gíráńdà la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wáyà lè gbabẹ̀ yọ, ẹ má rò pé mo rà á bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ dì í díẹ̀, bí irun orí lásán, kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ gbọ́? Káá! Ó ti jáwọ́. Ọdún tí mo ń kánjú tí mi ò kọ́kọ́ dì í, ńṣe ló kó gbogbo tẹ́rẹ́ẹ̀dì ihò náà jáde, mo fi owó ara mi san án.

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé kí n gé wáyà kí n so tuntun mọ́ ti àtijọ́, ó ní ó yá jù. Ẹ̀gbọ́n, ara wáyà yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń gbà mí èémí! Afẹ́fẹ́ ìta tó fi ń wọn ti inú sàléńsà, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì jó o pa, ẹ fi téèpù dì í, ẹ ti fún un lọ́rùn nìyẹn.

Tuntun nìyí. Nǹkan eérú tó wà lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n ti fi síbẹ̀, ẹ má fi gírísì kún un, ẹ má sì fọwọ́ kan orí ẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí i títí ó fi dúró, kí wáyà máa bá a yí, lẹ́yìn náà ni sípánà. Ẹni tó bá ní sípánà torque tó ń wọn agbára ìdì, 44 Nm. Èmi, apá mi ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kan kánẹ́kítọ̀, ẹ so wáyà kó má fara kan sàléńsà, ó tán.

Wàsíù, pa code ẹ̀, kó o tan án. Ó ń gbóná... ẹ wò ó lórí skánì, 3.3 volt, kò kúrò níbẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Kí ẹnì kan bá mi pe màmá kí wọ́n wá gbé mọ́tò wọn, àwọn ọmọ ti fẹ́ jáde iléèwé.