Ibi Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Lọ: Bí Ìjọ Ṣe Lè Mọ Olùfa Ìyapa, àti Ohun Tó Yẹ Kó Ṣe Sí I

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń bò mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bẹ́ síta: ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fa ìyapa láàárín àwọn onígbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìkórè. Akápò ti ka ìṣirò owó tán. Àwọn méjì kan jókòó síbẹ̀ tí ohun tó kà kò tẹ́ lọ́rùn. Ẹni àkọ́kọ́ dúró títí ìsìn fi parí, ó lọ bá akápò nínú yàrá ìgbìmọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó àga àti kánópì tẹ́ ẹ kà yẹn kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé rẹ̀." Èkejì kò bá akápò sọ nǹkan kan. Ó jáde lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó fa ẹni mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ wá rí ohun tí mò ń sọ fún yín?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dá gúrúùpù WhatsApp mìíràn sílẹ̀, níbi tí pásítọ̀ kò sí, tí akápò náà kò sì sí.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èkejì yìí ló mọ ìṣirò jù. Ibi tí kálukú gbé ọ̀rọ̀ lọ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ olùfa ìyapa, ẹ má wo bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó, ẹ má sì wo bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ àwọn alàgbà nínú. Ẹ wo ibi tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Númérì. Ní orí 16, Kórà, Dátánì àti Ábírámù ti kó 250 ìjòyè sẹ́yìn ara wọn kí wọ́n tó dojú kọ Mósè. Ohun tí wọ́n sọ dùn létí: gbogbo ìjọ ló jẹ́ mímọ́, kí ló dé tí Mósè àti Áárónì fi ń gbé ara wọn ga? Ta ni kò ní ṣe àmín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n Mósè rí ìdí ọ̀rọ̀. Oyè àlùfáà ni Kórà ń wá. Nígbà tó sì ránṣẹ́ pe Dátánì àti Ábírámù pé kí wọ́n wá, wọ́n ní àwọn kò wá. Ẹ sàmì síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó lè fi odindi ọ̀sán sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, tí kò sì lè jókòó tì yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe àtúnṣe ló ń wá.

Ẹ wá ṣí i sí orí 27. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún kan dìde, Málà, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà, àwọn ọmọ Sélófẹ́hádì. Bàbá wọn ti kú, kò bí ọkùnrin kankan, orúkọ rẹ̀ sì fẹ́ parẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ilẹ̀. Wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé, níwájú Mósè, níwájú Élíásárì àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn náà ní ilẹ̀ láàárín àwọn arákùnrin bàbá wọn. Wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé bàbá àwọn kò sí nínú ẹgbẹ́ Kórà. Mósè kò bínú sí wọn. Ó gbé ẹjọ́ wọn tọ Ọlọ́run lọ, èsì tó sì gbà ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ogún yí padà nítorí wọn.

Ó máa ń dùn mí gan-an pé nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn gan-an ni wọn ì bá sọ pé wọ́n ní ẹ̀mí Kórà. Ẹnì kan béèrè ìwé owó, wọ́n ní ó ń bá ẹni àmì òróró jà. Ẹlòmíràn sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún opó kan kò dáa, kó tó di ìsìn ìṣọ́ òru, ìran ti jáde pé Olúwa fi ejò kan hàn nínú ìjọ. Gbogbo èèyàn mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Irú nǹkan báyìí ló máa ń sọ oníbèéèrè di olùfa ìyapa, torí bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọn, ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù fún un.

Ìjọ Jerúsálẹ́mù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìkùnsínú ni, kò tilẹ̀ tíì di ẹjọ́. Àwọn àpọ́sítélì pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà: Sítéfánù, Fílípì, Púrókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménà, Níkólà. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ìṣàkóso oúnjẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ tí ẹ̀yà tó ń ráhùn ń jẹ́. Ìjà tí ì bá pín ìjọ sí méjì parí síbẹ̀, ìwé náà sì sọ pé iye àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń pọ̀ sí i.

Ó ṣẹlẹ̀ nílùú Èkó náà, lọ́dún 1888, pé òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń darí ìjọ Onítẹ̀bọmi yọ Moses Ládèjọ Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ lọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀. Ṣé olùfa ìyapa ni wọ́n? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1914, ìhà méjèèjì tún pàdé pọ̀ nínú ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá, Mọ́jọlá Agbébí, tó wà lára àwọn tó jáde, ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, olùfa ìyapa gidi wà, ó sì lè jẹ́ orí pẹpẹ ló wà. Nínú ìwé Jòhánù kẹta, Díótíréfè fẹ́ràn láti jẹ́ olórí. Ó ń fi ọ̀rọ̀ burúkú ba Jòhánù jẹ́, ó kọ̀ láti gba àwọn ará tó wá ṣàlejò, ó sì ń lé ẹni tó bá gbà wọ́n kúrò nínú ìjọ. Ẹ rí i pé òun ló ní agbára láti lé èèyàn. Nítorí náà, kí ìjọ má rò pé àwọn ọmọ ìjọ lásán nìkan ni ìkìlọ̀ wà fún. Ìwé Tímótì kìíní sọ pé kí wọ́n má gba ẹ̀sùn sí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ìyẹn dáàbò bò ó lọ́wọ́ irọ́. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé bó bá ṣẹ̀, kí wọ́n bá a wí níwájú gbogbo èèyàn.

Ìjọ tí ọ̀rọ̀ yìí pọ́n lójú jù ni Kọ́ríńtì. Nígbà ayé Pọ́ọ̀lù, ará ilé Kílóè ló wá sọ fún un pé àwọn kan ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù làwọn, àwọn kan ti Àpólò, àwọn kan ti Kéfà. Pọ́ọ̀lù kò fi orúkọ àwọn tó sọ fún un pamọ́, ó sì gba pé kí àwọn tó ń sọ pé ti òun làwọn kọ́kọ́ gba ìbáwí. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ìparí ọ̀rúndún kìíní, ìjọ Róòmù tún kọ lẹ́tà sí wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà Kílémẹ́ǹtì kìíní, tí kò sí nínú Bíbélì wa. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Kọ́ríńtì ti yọ àwọn alàgbà tí kò ṣẹ̀ kúrò nípò. Lẹ́tà náà sọ fún wọn pé ìyapa ti àkọ́kọ́ sàn díẹ̀, torí àpọ́sítélì ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ẹnì kan tàbí méjì ni. Ó wá bẹ ẹni tí ìjà náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá pé kó fúnra rẹ̀ sọ pé, bó bá jẹ́ pé torí òun ni, òun á kúrò, kí agbo Kristi ṣáà ti wà ní àlàáfíà. Ìjọ Róòmù kò dá lẹ́tà nìkan rán. Ènìyàn mẹ́ta ló gbé e lọ, àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà èwe wọn.

Ó yá, kí la fẹ́ ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí àárín ìjọ ni n ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wá. Bí ẹnì kan bá fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ti bá wọn sọ ọ́?" Bó bá ní rárá, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, n ó tẹ̀ lé yín." Oníbèéèrè tòótọ́ á dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ bá òun lọ. Ẹni tó ń kó èèyàn jọ kò ní padà wá bá yín mọ́. Ẹ má sì dá ẹjọ́ lórí ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹyọ ẹnì kan. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ìwé Títù ní kí ẹ kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ yàgò fún un. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Kì í ṣe pé kí pásítọ̀ máa pa òwe mọ́ ọn láti orí pẹpẹ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra, kó sì máa sọ pé òun ti kìlọ̀. Ẹ lọ sílé rẹ̀, kí ẹni méjì lọ, kí ẹ dárúkọ ohun tó ṣe gan-an: "Bùrọ̀dá, ẹ ṣe ìpàdé lálẹ́ Ọjọ́rú pẹ̀lú àwọn akọrin, ẹ ní kí wọ́n má kọrin mọ́ títí pásítọ̀ á fi lọ. A fẹ́ kí ẹ dá a dúró. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó gbọ́ yín tán." Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí ẹ sì jókòó lóòótọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kí ẹ gbé ìwé owó wá bó bá jẹ́ owó ló ń sọ. Ìjọ tó ń ka ìṣirò rẹ̀ síta déédéé ti gba igi kúrò nínú iná ná.

Bó bá jẹ́ àwọn méjì ló ń bára wọn jà, ọ̀nà mìíràn ni. Pọ́ọ̀lù dárúkọ Éfódíà àti Síntíkè nínú lẹ́tà tó kọ sí ìjọ Fílípì, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní ọkàn kan, ó ní kí alábàáṣiṣẹ́ òun kan ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rere tí wọ́n ti ṣe nínú ìyìn rere. Alárinà ni irú ìyẹn ń fẹ́.

Bí ìkìlọ̀ méjèèjì kò bá wọlé, ẹ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ìjọ ní gbólóhùn díẹ̀, láìsí èpè, láìsí ìtàn ilé rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá. Bó bá ronú pìwà dà, lẹ́tà kejì sí Kọ́ríńtì ní kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì. Ẹ gbà á padà sórí ìjókòó kíákíá, ẹ má kánjú dá ipò padà fún un.

Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Wọn kò sí nínú ẹjọ́ náà. Kí ìyàwó rẹ̀ máa bá ẹgbẹ́ obìnrin ṣe ìpàdé bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má yí aṣọ ẹgbẹ́ padà láìsọ fún un. Ọmọ rẹ̀ tó yẹ kó ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ó kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín, kí ìyá ìjọ pe onítọ̀hún sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó bá a sọ ọ́.