Peat moss nínú ọgbà wa: ibi tó ti wúlò àti ibi tí owó ti ń ṣòfò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ohun tó wà nínú abọ́ yìí, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, peat moss ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn àti oògùn oko ní Adó-Èkìtì. Wọ́n á ní ó ń tún ilẹ̀ ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó kù síbì kan.

Inú àbàtà ló ti ń wá, ní àwọn ìlú olótùútù bíi Kánádà, Finland àti Estonia. Ewéko kékeré kan ló ń hù níbẹ̀. Tó bá kú, inú omi ló ń rì sí, afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀, kò sì ní jẹrà tán. Ọdún ń gorí ọdún, òkú ewéko ń gorí ara wọn, síbẹ̀ nǹkan bíi mìlímítà kan péré ló ń ga sí i lọ́dún. Ẹni tó bá gbẹ́ mítà kan níbẹ̀, ohun tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kó jọ ló gbé yẹn.

Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà láàárín igbó Congo, ó tó 145,500 kìlómítà níbùú lóròó. Èkìtì wa yìí lè wọ inú rẹ̀ nígbà ogún kí àyè tún ṣẹ́ kù. Kábọ́ọ̀nù, ohun tó ń mú ayé gbóná tó bá di èéfín, tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù, bí omi bá sì gbẹ lórí irú ilẹ̀ yẹn, inú afẹ́fẹ́ ni kábọ́ọ̀nù ń bọ́ sí. Ní tèmi, ohun tó pẹ́ tó báyìí kó tó dé, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà káàkiri oko.

Ẹ wá wo ọwọ́ mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó gbẹ, mo da omi sí i. Ẹ rí i? Omi ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni da omi sórí ewé kókò. Bí peat bá ti gbẹ, kì í tètè gba omi mọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò, ẹ máa wọ́n ọn sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ pò ó. Tó bá gbà á tán, ó lè gbé omi tó wúwo ní ìlọ́po 15 ara rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ fún un pọ̀: kó dì mọ́ra, kí omi sì kán ẹ̀kán kan tàbí méjì. Bó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀ jù.

Ẹni tó ń tà á lè má sọ eléyìí fún yín: peat kì í ṣe ajílẹ̀. Oúnjẹ inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń tọ́jú fún gbòǹgbò. Ó tún kan: pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kíkan (bó bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó), sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 4.5. Ọ̀pẹ òyìnbó lè fara mọ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, àmọ́ tòmátì ń fẹ́ tó 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́sìrì ni àyè rẹ̀. Irúgbìn ata àti tòmátì kéré, gbòǹgbò wọn ò lè bá yangí jà. Ẹ bu abọ́ ilẹ̀dú méjì, abọ́ peat kan, ààbọ̀ abọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, kí ẹ wọ́n eérú ààrò díẹ̀ sí i kí kíkan rẹ̀ lè dín kù. Ẹ má fi lẹ́búlẹ́bú pákó tútù láti sọ́mìlì rọ́pò peat o. Bó ṣe ń jẹrà, oúnjẹ irúgbìn ló ń jẹ.

Ebè ńkọ́? Ẹ má náwó peat síbẹ̀. Ooru àti òjò tiwa yóò jẹ ẹ́ tán láìpẹ́. Èèpo kòkó tí ẹ kó jọ sábẹ́ igi lẹ́yìn tí ẹ fọ́ kòkó tán, òun ni kí ẹ lò. Potásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀; ṣebí eérú rẹ̀ làwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lóko, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ àti koríko pọ̀ mọ́ ọn, ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó jinná. Ẹni tó bá súnmọ́ Ìgbẹmọ, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, lè fi èèpo ìrẹsì kún un, ilẹ̀ á fúyẹ́.

Tí irúgbìn inú nọ́sìrì bá ti yọ ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ́ ọ, pẹ̀lú peat tó dì mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Kí ẹ rí i pé iyẹ̀pẹ̀ bo peat yẹn tán pátápátá. Bí orí rẹ̀ bá yọ síta, oòrùn á máa fa omi gba ibẹ̀ jáde, irúgbìn á sì rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.